Ajá Amọ̀nà Ní Òpópónà Arákalé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ajá tó rí mọ́tò tó dúró dè é, ara rẹ̀ ló fi bọ Ògún. Ṣùgbọ́n ajá kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó rí mọ́tò, kó dúró, kó sì dá olówó rẹ̀ dúró. Òun ni ajá amọ̀nà, tó ń mú aláìríran rìn.

Ní ìlú Oldenburg, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ni wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ irú ajá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1916, fún àwọn ọmọ ogun tí ojú wọn fọ́ lójú ogun. Lọ́dún 1929, ti Amẹ́ríkà, The Seeing Eye, tẹ̀ lé e. Títọ́ àti kíkọ́ ajá náà ń gba nǹkan bí ọdún méjì. Wọn yóò kọ́ ọ láti yẹ kòtò sílẹ̀, láti dúró létí títì, àti láti kọ àṣẹ olówó rẹ̀ bí àṣẹ náà bá léwu. Olówó náà yóò kẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí òun ló mọ ibi tí wọ́n ń lọ; ewu ni ajá ń wò.

Bí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá dé Arákalé lónìí ńkọ́? Ọjà ń bá ẹlẹ́sẹ̀ du ẹ̀gbẹ́ títì, ọ̀kadà ń yọ lọ́tùn-ún lósì. Awakọ̀ wo ni yóò gbé aláìríran pẹ̀lú ajá? Ní ìpínlẹ̀ tí àwọn kan ti ń jẹ ẹran ajá, tí wọ́n sì ń fi ajá bọ Ògún, kì í ṣe gbogbo ojú ni yóò rí òṣìṣẹ́ lára rẹ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọdé ni amọ̀nà ọ̀pọ̀ aláìríran. Ọmọ náà á di orí ọ̀pá mú níwájú òbí rẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì. Ajá amọ̀nà máa ń fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tó bá dàgbà. Ta ni yóò dá ìgbà èwe ọmọ yìí padà?

Òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn akànda ẹ̀dá léèwọ̀, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2019, sọ pé kí ẹ̀gbẹ́ títì àti ibi ìsọdá ṣeé lò fún aláìríran. Ọdún márùn-ún tó fi sílẹ̀ fún àtúnṣe àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ti pé láti ọdún 2024.

Kí ìjọba bo gọ́tà, kí ọlọ́jà gbé igbá rẹ̀ wọlé, kí wọ́n kọ́ aláìríran ní lílo ọ̀pá funfun, kí ọmọ lè padà sílé ìwé. Èyí kò dúró de ajá kankan. Ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ ń là, kí wọ́n tó wá amọ̀nà.