Ilẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé Wà Nínú Ìdógò Náà

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwọn onílé l'Ékòó: "Ilé ni báńkì rí tó fi yá mi lówó. Ilẹ̀ tó ṣófo lẹ́yìn ilé, tèmi ni, mo lè tà á." Irọ́ ni! Irọ́ yìí sì ń jẹ owó ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ wo ìwé tí ẹ kó fún báńkì. Sọ́fè tó wà nínú C of O yín kò ya ilé, ilẹ̀ ló yà. Ìlà pupa tó yí i ká gba orí òpó kọnkéré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá, láti ẹnu géètì títí dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo ohun tó wà nínú ìlà yẹn ni ẹ fi dógò. Lójú òfin, ohun tí a bá kọ́ mọ́lẹ̀, ara ilẹ̀ ló dà.

"Ṣebí mò ń san gbèsè mi déédéé?" Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdógò kì í tú kí kọ́bọ̀ ìkẹyìn tó wọlé, àfi bí báńkì bá fọwọ́ sí i.

Àwọn mìíràn a mú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo wá, èyí tí ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dá ní 1989: wọ́n ní ìdógò tí gómìnà kò fọwọ́ sí, òfo ni. Lóòótọ́ ni wọ́n dá a bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka abala 22 Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 dé ìparí. Abala tó ní kí gómìnà fọwọ́ sí ìdógò náà ló ní kó fọwọ́ sí títà. Ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì tí ẹ fi rìsíìtì àti ẹlẹ́rìí méjì tà ní kọ̀rọ̀, abala 26 sọ òun náà di òfo. Idà tí ẹ yọ sí báńkì, ọrùn yín ló ń bọ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀nà tó tọ́ wà. Ẹ kọ̀wé sí báńkì kí ẹ tó pe àjẹ́ǹtì. Wọn á rán ẹni tó ń díye lé dúkìá wá wò bóyá ilẹ̀ tó kù ká gbèsè. Bó bá ká a, wọ́n lè fi ìwé tú apá tí ẹ fẹ́ tà sílẹ̀, kí ẹ san lára owó rẹ̀ sórí gbèsè. Lẹ́yìn náà ni sọ́fè tuntun àti ìbuwọ́lù gómìnà. Wọ́n sì lè kọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ má tà á.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà, ẹ rán lọ́yà lọ yẹ ìwé ilẹ̀ náà wò ní ọ́fíìsì ìjọba Èkó ní Aláùsá. Ẹ má dúró síbẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ìdógò ló ń dé ìwé ìjọba. Ẹ ní kí onílé gbé ojúlówó C of O jáde, ẹ má gba fọ́tòkọ́pì. Bó bá ní ó wà ní báńkì, kí báńkì fọwọ́ sí títà náà kí ẹ tó san kọ́bọ̀.