Ìwádìí Ẹ̀fọ́ àti Èso Nínú Agbo Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin olùkà wa sọ ní oṣù yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ ilé ìdáná lójú ẹlòmíràn, kí ó sì máa bi ara rẹ̀ pé kí ni ó pa ìjòyè àti ọ̀mọ̀wé pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́. Àwa gbà pé ọ̀rọ̀ wọn ni, ó sì kàn wọ́n gbọ̀ngbọ̀n. Ó ti pẹ́ tí àwọn tí ń gbé ìwé ìbéèrè kiri ti ń wọ agbo ilé wa, tí wọ́n ń bi wá ní ohun tí a gbìn, èyí tí a tà nínú rẹ̀, àti èyí tí a jẹ. Ìjọba ń rán wọn, yunifásitì ń rán wọn, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ti òkè òkun sì ń rán wọn pẹ̀lú. Ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ ni àwọn tí ń pín irúgbìn àti owó máa ń wò. Òun náà ni a fi ń sọ fún ayé pé báyìí ni àwọn ọmọ Yorùbá ṣe ń jẹun. Bí a bá kọ ọ́ ní àkọtì, àwa ni ìyà rẹ̀ yóò jẹ.

Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun titun ní ilẹ̀ yìí. Láàárín 1951 àti 1952, Galletti àti Baldwin, pẹ̀lú I. O. Dina tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, wádìí ọ̀rọ̀ àwọn ìdílé tí ń gbin kòkó ní ilẹ̀ Yorùbá, ìwé wọn sì jáde ní 1956. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹni tí ó bá rí ìwé náà kí ó kà á. Ṣùgbọ́n kòkó ni a torí rẹ̀ ṣe é, nítorí kòkó ni ó ń mú owó wọ àpò ìjọba ìgbà náà. Láti 2010 ni ilé iṣẹ́ ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé, ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí nínú ilé tí ó tó bí 5,000 káàkiri Nàìjíríà. Wọn a lọ lẹ́yìn ìgbà ìgbìn, wọn a tún padà lọ lẹ́yìn ìkórè, wọn a sì bi onílé ní ohun tí wọ́n jẹ láàárín ọjọ́ méje. A yìn wọ́n fún ohun kan: wọ́n gba kóńgò, múdù, òkìtì àti ìdì wọ inú ìwé wọn, wọn kò fi dandan mú ìyá àgbà láti fi kílò sọ̀rọ̀.

Ìdí tí a fi ń béèrè kò farasin. Láti 2003 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kò yẹ kí èso àti ẹ̀fọ́ tí ènìyàn ń jẹ lójúmọ́ dín ní 400 gíráàmù, láìka iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ànàmọ́ mọ́ ọn. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tilẹ̀ ya ọdún 2021 sọ́tọ̀ fún èso àti ẹ̀fọ́. Nínú àwọn ìlú ńlá wa, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ti di ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ ní ilé dé ilé, kò sì sí oníṣègùn tí kì í bá aláìsàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ó yẹ kí á mọ ibi tí a dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ìbéèrè kan yẹ̀ wò. Akọ̀wé kan wọ ilé, ó kí onílé, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ jẹ ẹ̀fọ́ láàárín ọjọ́ méje sí òní?" Ìyá tí ó se ewédú ní alẹ́ àná, tí ó sì se ilá ní ìjẹta, yóò dáhùn tọkàntọkàn pé àwọn kò jẹ ẹ̀fọ́. Kò purọ́. Ní èdè wa, ẹ̀fọ́ wà lọ́tọ̀, ewédú wà lọ́tọ̀, ilá náà wà lọ́tọ̀. Ata, tòmátì àti àlùbọ́sà sì jẹ́ èlò ọbẹ̀. Ìwé òyìnbó tí a ti túmọ̀ ìbéèrè náà ni ó kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé tí ó fi ewé tútù jẹun ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín ọ̀sẹ̀ kan kò jẹ nǹkan kan. Ti èso tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ inú ìwé ni èso. Ní ojú ọjà, ọsàn ni ọsàn ń jẹ́, ìbẹ́pẹ ni ìbẹ́pẹ ń jẹ́. Àní a kì í jẹ ọsàn, mímu ni à ń mu ún. Bí o bá bi ọmọ Yorùbá ní ohun tí ó jẹ, kì yóò ka ọsàn mẹ́ta tí ó mu ní ọ̀sán mọ́ ọn.

Nítorí náà ni a ṣe wí pé orúkọ ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ìgbàgbá, ẹ̀bìòlò, wọ̀rọ̀wọ́, ọ̀dú, amúnútutù, ìsápá, ewúro, ẹfinrin: ìwọ̀nyí kì í ṣe ohun kan náà, ìgbà tí wọ́n ń hù kò rí bákan náà, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ara kò sì dọ́gba. Bí ìwé ìbéèrè bá tẹ kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì sí òkè, tí ó wá kó gbogbo ìwọ̀nyí sí ìsàlẹ̀ pé "ẹ̀fọ́ mìíràn", a ti pàdánù kí akọ̀wé tó dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn baba wa wí pé tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Lórí irú tákàdá bẹ́ẹ̀, tẹ̀tẹ̀ tẹ́. Ẹ ronú sí i pé àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Bràsíìlì kò jẹ́ kí orúkọ yìí sọnù: títí di òní, wọ́n ń se ewé pẹ̀lú epo pupa àti edé gbígbẹ níbẹ̀, efó ni wọ́n sì ń pè é.

Kì í ṣe pé ìmọ̀ kò sí. Yunifásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti Kánádà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí irú ẹ̀fọ́ ìbílẹ̀ wọ̀nyí ní 2011. Láti 1975 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́ sílẹ̀ ní Ìdí-Iṣin ní Ìbàdàn. Orúkọ ibẹ̀ dùn mọ́ wa nínú, nítorí igi eléso ni iṣin. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìdí-Mangòrò wà ní ìhà Agége. Igi eléso ni àwọn àgbà fi ń júwe ilé; lónìí ẹni tí ó bá dé Ìdí-Mangòrò, ilé àti mọ́tò ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bá. Iye igi tí a gé láti kọ́ ilé, kò sí ẹni tí ó kà á, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tí ó ń bi wá ní iye tí ó kù.

Lẹ́yìn orúkọ ni ọ̀rọ̀ ẹni tí a ó bi. Àṣà wa ni pé àlejò a máa béèrè baálé, èyí sì tọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí baálé bá ti gba ìkíni tán, kí ó pe àwọn tí ó mọ̀ wá. Àwa ọkùnrin mọ iye owó tí a fi sílẹ̀ fún ọbẹ̀. Ohun tí ó wà nínú ọbẹ̀ náà kò hàn sí wa tó ẹran tí ó wà lórí rẹ̀. Bí a bá bi ọkùnrin ní ohun tí ó wà nínú oko rẹ̀, yóò ní iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Kò ní dárúkọ ilá tí ìyàwó rẹ̀ gbìn sí etí ebè, tàbí tẹ̀tẹ̀ tí ó hù ní ẹ̀bá ààtàn tí ìyá àgbà ń já ní ìrọ̀lẹ́. Ní ilé tí ìyàwó ti ju ẹyọ kan lọ, ìkòkò pọ̀, ìdáhùn ẹyọ kan kò lè tó. Àwọn ọmọ náà wà níbẹ̀ tí a kì í bi ní nǹkan. Èso tí wọ́n ń jẹ lójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, màngòrò tí wọ́n sọ lókò, àgbálùmọ̀ tí wọ́n fi kọ́bọ̀ wọn rà, kò sí èyí tí ó dé orí tábìlì, kò sì sí èyí tí ó dé inú ìwé.

Ìgbà pẹ̀lú ní tirẹ̀. Ẹni tí ó bá wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò bá àgbálùmọ̀ lórí àtẹ, yóò sì bá ẹ̀fọ́ tí ó wọ́n, àfi ní ilé àwọn tí ó ní àkùrọ̀ létí odò. Ẹni tí ó bá wá nígbà tí òjò ti rọ̀ dáadáa yóò bá ewé lọ́pọ̀ yanturu. Àwọn méjèèjì yóò kọ òtítọ́, òtítọ́ wọn yóò sì ta ko ara wọn. Ìwádìí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kò lè mọ oúnjẹ wa.

Ní ti títà, èyí ni ibi tí a fẹ́ kí àwọn ìjòyè ọjà fetí sí jùlọ. Ìdì ẹ̀fọ́ kì í dúró lójú kan. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ìdì a máa tín-ín-rín nígbà tí owó rẹ̀ kò yí padà. Akọ̀wé tí ó béèrè iye owó ìdì kan yóò wá kọ ọ́ pé ọjà kò wọ́n. Ewé kì í sùn lọ́jà. Èyí tí ó bá kù ní ìrọ̀lẹ́, a ó ta á ní ọ̀pọ̀, tàbí kí a fi tọrẹ, tàbí kí a dà á nù. Kí ìwé ìbéèrè ní àyè fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí a sì béèrè lọ́wọ́ obìnrin oko ní iye tí alárobọ̀ san fún un ní etí oko, kí a tún lọ bi alárobọ̀ ní iye tí ó tà á ní ìgboro, pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti owó tí wọ́n ń gbà lójú ọ̀nà. Ó ń dùn wá pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ń gbin ẹ̀fọ́ àti èso ni ń tà á tán láti fi ra gààrí, tí ọmọ wọn kì í sì í tọ́ ọ wò. Bí ìwádìí kò bá bi wọ́n ní ohun tí wọ́n gbìn, èyí tí wọ́n tà àti èyí tí wọ́n jẹ pọ̀ nínú ilé kan náà, kò lè rí irú ebi yìí.

A mọ̀ dájú pé àwọn ènìyàn wa kì í fẹ́ dáhùn. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í fẹ́ kí a ka oko fún olóko. Wọn kò sì ṣàìní ìdí. Ọ̀rọ̀ owó orí wà nínú ogun Adùbí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918. Òun ni ó gbé àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jáde lẹ́yìn Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti láàárín 1947 àti 1949. Òun náà sì ni Àgbẹ̀kọ̀yà bá ìjọba jà sí ní 1968 àti 1969. Ẹni tí bàbá rẹ̀ rí èyí, bí ó bá rí akọ̀wé tí ó mú kálàmù dání, yóò dín ebè rẹ̀ kù lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá dín oko wa kù lẹ́nu, a kò lè tún bínú pé irúgbìn tí a pín fún wa kéré.

Ẹ̀yin ọba àti ìjòyè, ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ èyí wà. Kí ẹ jẹ́ kí akéde lu agogo ṣáájú, kí àwọn aráàlú mọ ẹni tí ń bọ̀, ẹni tí ó rán an, àti pé kò sí owó orí nínú rẹ̀. Kí ẹ rí i dájú pé òótọ́ ni kò sí owó orí nínú rẹ̀ kí ẹ tó wí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ìránṣẹ́ ààfin padà sílé, nítorí obìnrin kì yóò sọ iye tí ó tà níṣojú ẹmẹ̀wà. Kí ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni kó ọ̀rọ̀ wa lọ láìpadà wá. Ó ti tó ìgbà tí a ó máa béèrè pé kí a ka àbájáde ìwádìí fún wa ní èdè wa, ní ààfin àti ní ọjà, kí ó tó di ohun tí a tẹ̀ sí ìwé ní ìlú mìíràn.

Ní ti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, iṣẹ́ ti yín kò le. Kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní ìlú kọ̀ọ̀kan pe ìyálọ́jà, àgbẹ̀ obìnrin àti ìyá àgbà bíi mẹ́fà jọ, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ewé jíjẹ àti èso tí ó wà ní àgbègbè wọn, bí wọ́n ṣe ń pè é níbẹ̀ gan-an, oṣù tí ó ń pọ̀ àti oṣù tí ó ń wọ́n, òṣùwọ̀n tí a fi ń tà á, àti ẹni tí ó ń gbìn ín. Bí Ìjẹ̀bú bá ní orúkọ tirẹ̀, tí Èkìtì sì ní òmíràn, kí a kọ méjèèjì. Kí ìwé náà tó akọ̀wé wa lọ́wọ́ kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. A ó tò ó pọ̀, a ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo yunifásitì àti ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń rán akọ̀wé wá sí ilẹ̀ wa.