Ọkọ̀ Ìgbòkun ní Greenwich, Ọkọ̀ Tiwa ní Ararọ̀mí

Bí ọmọ Ìlàjẹ bá wọ ọkọ̀ tí kò sí lójú omi mọ́, omi ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ máa wá kiri. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe mí nígbà tí mo lọ wo Cutty Sark ní Greenwich, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1869 ni wọ́n kàn án ní Dumbarton, ní ilẹ̀ Skọ́tílándì, kí ó lè máa kó tíì bọ̀ láti Ṣáínà. Nígbà tó yá, irun àgùntàn ni ó ń kó láti Ọsirélíà. Àwọn Pọtogí rà á ní 1895. Ọ̀gá atukọ̀ kan, Wilfred Dowman, rà á padà ní 1922. Iná jó o ní 2007. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 2012.

Wọ́n gbé e sókè débi pé ènìyàn lè rìn lábẹ́ rẹ̀. Abẹ́ náà ni mo pẹ́ sí jù. Idẹ ni wọ́n fi bo ìdí rẹ̀, nítorí kòkòrò omi iyọ̀ tí ń lu igi. Kòkòrò yìí kò ṣàjèjì ní etí òkun wa.

Ibẹ̀ ni inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. (Ẹ má ṣì mí gbọ́: n kò bínú sí ẹni tó tọ́jú ohun ìní rẹ̀.) Ní Ararọ̀mí, ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbó, igi ìdáná ni.

Ẹnìkan lè ní igi kì í pẹ́ nílẹ̀ wa. Ọkọ̀ Dufuna ńkọ́, tí darandaran kan kàn níbi tó ti ń gbẹ́ kànga ní 1987, ní ibi tí í ṣe ìpínlẹ̀ Yobe lónìí? Ó ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún.

Èyí tó kan àwa oníwèé ni pé ọ̀rọ̀ ń bá ọkọ̀ kú. Igbó ni Fágúnwà mú wa wọ̀ ní 1938. Inú igbó náà ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé wa ṣì wà. Ìgbòkun, àjẹ̀, ìdákọ̀ró: lẹ́yìn mẹ́ta yìí, mélòó nínú wa ni ó tún lè dárúkọ ẹ̀yà ọkọ̀ kan?

Òkun kò sì dúró dè wá. Ní Ayétòrò, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, ó ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀: kí ìjọba ìbílẹ̀ wa ní Ìgbókòdá kọ́ àtíbàbà kan, kí wọ́n gbé ọkọ̀ kan ṣoṣo sí i, kí àgbà tó mọ̀ ọ́n gbẹ́ jókòó tì í, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan sì mú bírò jókòó ti àgbà náà. Kí wọ́n má sì kọ́ ọ sí etí òkun.