Ikú Ilé Lára Gíláàsì Ọkọ̀

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Níbi tí wọ́n ti sábà máa ń pa òwe yìí, ẹnì kan ni wọ́n ń fi í bú. Ọjà ò tà, wọ́n á pa á. Ọmọ fìdí rẹmi nídìí ìdánwò, wọ́n á pa á, ojú gbogbo ilé á sì yí sí ìyàwó bàbá tàbí ìyá àgbà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn. N kò gbà pé ìyẹn nìkan làwọn tó pa òwe náà ní lọ́kàn. Ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ jìn dé, kó wọ dánfó láti Ìkòtún lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá nínú oṣù Kẹfà, nígbà tí òjò bá ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n dojú àgbá dé.

Èrò mẹ́rìnlá, dírẹ́bà, kọ̀ńdọ́. Bí ẹ̀kán òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kálukú á fa gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pa. Kódà kọ̀ńdọ́ tí kì í tilẹ̀kùn á tì í gbọn-in lọ́jọ́ náà. Kò ní pẹ́ tí iwájú á fi ṣú. Dírẹ́bà á tan wáípà, wáípà á máa gbá òjò lọ gbá a bọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ò ní hàn. Á tún fi kún ìyára rẹ̀. Pàbó.

"Dírẹ́bà, ṣé o ń ríran ṣá?"

"Mọ́mì, òjò yìí ló pọ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Á na ọwọ́ sábẹ́ ìjókòó, á fa àkísà kan yọ, á fi nu ojú ihò kan tí kò ju ẹnu ife lọ, ibẹ̀ láá sì máa gbà yọjú wo títì. Kí wọ́n tó dé Ìdímù, ihò náà ti dí.

Òjò kọ́ ló dí i. Iṣẹ́ tí òjò ṣe ò ju pé ó mú gíláàsì tutù. Inú ọkọ̀ ni omi tó bo ojú rẹ̀ ti wá, láti ẹnu àti imú àwa tí a jókòó síbẹ̀. Omi tó ń bá èémí ènìyàn kan jáde lójúmọ́ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lítà. Ẹ wá ṣírò ti ènìyàn mẹ́rìndínlógún tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ dá dúró fún wákàtí kan: kò jìnnà sí ìdajì omi inú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan. A ò tíì ka òógùn mọ́ ọn, a ò tíì ka aṣọ tó rin àti agbòjò tó ń kán sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó móoru lè gbé omi púpọ̀ dání láìhàn sójú. Bó bá fara kan gíláàsì tó tutù, agbára rẹ̀ á dín, á sì tu ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀.

Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Mary Anderson, ló gba ìwé àṣẹ lórí wáípà lọ́dún 1903. Ohun tó sún un débẹ̀ ni pé ó rí awakọ̀ tíráàmù kan ní New York tó ní láti ṣí fèrèsé kó tó lè rí iwájú nínú yìnyín. Ìta ló rán wáípà sí, ìta náà ló sì wà dòní, kò lè nu omi tó wà nínú. (Fèrèsé tí awakọ̀ ọjọ́sí yẹn ṣí gan-an ni dírẹ́bà wa ì bá ṣí.)

Ti ọlọ́kọ̀ aládàáni tún yàtọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ló ń pa ẹ́síì kí epo má baà tètè tán. Bí òjò bá dé, wọ́n á ti wíńdò, wọ́n á sì fi bọ́tìnnì tó ní àmì ọfà tó yí po nínú ọkọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí èéfín má wọlé. Èémí kan náà ni wọ́n wá ń sé mọ́lé. Ẹ́síì máa ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́. Omi tó ń kán lábẹ́ ọkọ̀ yín bí ẹ bá dúró, òun nìyẹn. Ẹ pa bọ́tìnnì ọfà yẹn, kí ẹ darí ẹ́síì sí gíláàsì iwájú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀nà á hàn. Kò pọn dandan kó tutù.

Ẹnì kan lè ní òun ti rí ìkùukùu tó wà níta ní tòótọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá jí gba ọ̀nà LASU sí Ìyànà-Ìbá láti Ìgàndó, tó sì ti ẹ́síì dé góńgó, lè rí i pé ìta gíláàsì ló ṣú. Ẹ fi ìka kàn án nínú: bí ojú ìka ò bá hàn, ìta ló wà, ọjọ́ yẹn ni wáípà á ríṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n kí ló pe ìrì òwúrọ̀ yẹn wá? Òtútù tí ọlọ́kọ̀ fi sínú ni. Ibí ni òwe náà ti dùn mọ́ mi jù, nítorí kò sọ pé kò sí ikú níta. Ohun tó sọ ni pé tòde ò lágbára àfi bí tilé bá la ọ̀nà fún un.

Ẹ tún wò ó, kò sí òṣìkà kankan nínú dánfó yẹn. Ìkókó tó ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ń mí, oníwàásù tó ń kéde ìjọba ọ̀run láti Ìkòtún ń mí ju gbogbo wa lọ. Ikú ilé lè wà láìsí ọ̀tá ilé. Kí a tó bi ara wa pé ta ló ń dí ọmọ lọ́wọ́ ìwé, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bóyá tẹlifíṣọ̀n ń ké nínú yàrá tó ti ń kàwé.

Bí ìkùukùu bá ń padà wá láràárọ̀ kí èrò tó wọlé, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè. Ó lè jẹ́ pé ihò tí omi ẹ́síì ń gbà jáde ló dí, tí omi ń dà sábẹ́ ẹsẹ̀ èrò iwájú, tàbí kí rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ti gbó.

Ẹ̀yin dírẹ́bà wa, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ nu inú gíláàsì lálẹ́, kí ẹ nù ún gbẹ dáadáa. Omi ò ní lè ṣù jọ síbẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bó bá ṣú pátápátá, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin èrò, bí dírẹ́bà bá sọ wíńdò rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀, tó sì ní kí ẹni ẹ̀yìn náà ṣí tiẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí òjò tó ta sí yín láṣọ bá a jà.