Ẹ̀rọ Ń Rí Ohun Tí Ojú Kò Rí: Ta Ni Ó Ń Yẹ Ẹ̀pà àti Àgbàdo Káńtìnì Wò?

Ọ̀rọ̀ owó oṣù ni a sábà máa ń sọ ní ojú ìwé yìí. Lónìí, ọ̀rọ̀ inú ìkòkò ni a mú wá, nítorí òkú kì í gba owó oṣù.

Májèlé kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ aflatoxin. Ebu tí ó máa ń mú ẹ̀pà àti àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa ni ó ń pèsè rẹ̀. Kò ní òórùn, ojú kò sì rí i. Síse àti yíyan kò lè mú un kúrò tán. Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé.

Ní ọdún 1960, tòlótòló tí ó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n bá a nínú oúnjẹ tí a fi ẹ̀pà láti Brazil ṣe. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ májèlé yìí. Ní ọdún 2004, ó kan ọmọ ènìyàn ní Kenya: ènìyàn 317 ṣàìsàn, 125 nínú wọn kú, àgbàdo tí ó ti bu ni wọ́n jẹ.

Èyí tí ń pani díẹ̀díẹ̀ ni ó burú jù. Ẹni tí ó ń jẹ díẹ̀ lójoojúmọ́ lè ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, pàápàá bí àrùn mẹ́dọ̀wú B bá ti wà lára rẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé àwọn bàbá wa jẹ ẹ̀pà, wọ́n sì dàgbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó ka àwọn tí inú wọn wú, tí ojú wọn pọ́n, tí a ní ayé ni ó ṣe wọ́n?

Ọ̀nà àyẹ̀wò ti wà. Ní ọdún 1971, Eva Engvall àti Peter Perlmann ní Sweden gbé ọ̀kan jáde tí a ń pè ní ELISA. Irú rẹ̀ ni a fi ń wá aflatoxin lónìí. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ wò ó báyìí bí ọkọ̀ dáńfó. Nínú ike kékeré kan ni wọ́n to ìjókòó sí, tí májèlé yìí nìkan lè jókòó sí. Wọ́n á lọ ẹ̀pà, wọ́n á fa ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jáde, wọ́n á dà á sínú ike náà pẹ̀lú májèlé mìíràn tí wọ́n ti wọ aṣọ fún. Àwọn méjèèjì á máa du ìjókòó. Lẹ́yìn náà, omi á ṣan gbogbo èrò tí ó wà ní ìdúró dànù, wọn á sì kán oògùn tí ń mú àwọ̀ jáde lára aláṣọ. Bí àwọ̀ bá jinlẹ̀, àwọn aláṣọ ni ó rí ìjókòó, ẹ̀pà náà mọ́. Bí àwọ̀ bá ṣá, májèlé inú ẹ̀pà ti gba ààyè.

Báwo ni ó ṣe ń rí ohun kékeré tó? Ó lè rí gíráàmù 1 nínú 1,000 tọ́ọ̀nù. Tírélà tí ó ń kó 30 tọ́ọ̀nù yóò lé ní 33 kí ó tó kó ẹrù bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gíráàmù 1 kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì!

Òfin Yúróòpù sọ pé ẹ̀pà tí ènìyàn yóò jẹ kò gbọ́dọ̀ ní ju gíráàmù 4 lọ nínú 1,000 tọ́ọ̀nù. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 20. Èyí tí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n lè dá a padà ní ibodè. A wá ń béèrè: ibo ni èyí tí wọ́n dá padà ń gbà lọ? Oníṣòwò mọ̀ pé òyìnbó yóò yẹ ẹrù òun wò. Ta ni yóò béèrè ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́ kọngílá tí ń kó àgbàdo wá sí káńtìnì? Ṣé ẹ̀dọ̀ òyìnbó nìkan ni ẹ̀dọ̀ ni?

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. A kò ní kí ẹnikẹ́ni jáwọ́ nínú ẹ̀pà tàbí ẹ̀kọ. Ohun tí a fẹ́ kí ó wọ inú ìwé àdéhùn wa pẹ̀lú àwọn ọ̀gá nìyí:

Èkíní, kí gbogbo ẹ̀pà àti àgbàdo tí ń wọ káńtìnì ní ìwé àyẹ̀wò. Kí wọ́n bu díẹ̀ nínú àpò púpọ̀, kí wọ́n lọ̀ ọ́ pọ̀, nítorí májèlé yìí lè wà nínú àpò kan kí ó má sí nínú èkejì. Kí wọ́n má sọ pé ó ṣòro: ìwé pélébé kan wà, bí irú èyí tí obìnrin fi ń mọ̀ bóyá òun lóyún, tí ń fi èsì hàn láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀.

Èkejì, kí aṣojú òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gba ẹrù. Kí àpò má wà lórí ilẹ̀ tútù, kí awakọ̀ sì rí tápólì gidi gbà kí òjò má bàa pa ẹrù.

Ẹ̀kẹta, kí iléeṣẹ́ sanwó abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B fún wa.

Ẹ wá sí ìpàdé ẹ̀ka wa, kí a jọ fọwọ́ sí i. Ìrẹ́pọ̀ ni agbára òṣìṣẹ́.