Fìríìjì Ń Bẹ ní Ìbà, Owó Rẹ̀ Ń Bẹ ní Adó-Èkìtì

Ní Ẹ́síteètì Ìbà, lára àwọn ilé tí ìjọba Gómìnà Lateef Jakande kọ́ láàrin ọdún 1979 sí 1983, kì í ṣe ohun ìyanu mọ́ kí ìdílé kan máa palẹ̀ ẹrù mọ́ nítorí pé físà ti jáde. Aṣọ ń wọ inú báàgì, ìwé-ẹ̀rí ń wọ̀ ọ́, kódà èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí ń rí àyè. Ohun tí kò lè wọ̀ ọ́ ni fìríìjì onílẹ̀kùn méjì, fírísà tí ìyá ilé fi ń ta ẹja dídì, ẹ̀rọ amúnáwá, bẹ́ẹ̀dì onígi àti àga ìgbàlejò tó gba ìdajì pálọ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní àwọn òpópónà tó yí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ká ní Ọ̀jọ́, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ṣe ìdánwò àṣekágbá ti ń wá ẹni tí yóò ra fọ́ọ̀mù àti sítóòfù onígáàsì lọ́wọ́ rẹ̀ kí owó ilé tó sanwó rẹ̀ tó tán.

Orí fóònù ni gbogbo wọn ń gbà lọ. Wọn a ya àwòrán mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọn a gbé e sórí Jiji tàbí Facebook Marketplace, wọn a sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp ìjọ àti ti àdúgbò. Ká sọ pé ₦250,000 ni wọ́n pe fìríìjì náà. Aládùúgbò tó kọ́kọ́ dé yóò wò ó tẹ̀gàn-tẹ̀gàn, yóò ní ₦110,000 ni agbára òun ká, nítorí ó ti mọ ọjọ́ tí bàálù wọn yóò gbéra. Ẹni tó ṣetán láti san ₦230,000 láì janpata wà ní Adó-Èkìtì. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ta ni yóò kọ́kọ́ ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀? Olùtajà kò ní gbé fìríìjì sọ́kọ̀ kí ó tó gbọ́ pé owó wọlé. Bí ó bá sì gbọ́, ẹ̀rù yóò ṣì máa bà á, nítorí ó mọ̀ pé àwọn gbájúẹ̀ ń fi álẹ́ẹ̀tì ayédèrú ránṣẹ́. Olùrà náà kò fẹ́ sanwó fún ohun tí kò fojú rí, nítorí àwòrán fìríìjì kò sọ bóyá ó ń tutù. Láti ọdún 2011 tí NIBSS ti gbé ètò tí ń mú owó rin láti báńkì kan sí òmíràn lójú ẹsẹ̀ jáde, owó ti yára ju ẹrù lọ. Owó lè ti Adó dé Ìbà kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Fìríìjì lè lo odindi ọjọ́ kan lójú ọ̀nà. Bí owó bá sì ti lọ báyìí, gbígbà á padà di ẹjọ́.

Ìmọ̀ràn tí Jiji ń fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ni pé kí wọ́n má sanwó ṣáájú, kí wọ́n pàdé olùtajà níbi tí èrò wà, kí wọ́n sì yẹ ọjà wò dáadáa. Ìmọ̀ràn ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n ará Ọ̀jọ́ tó fẹ́ ra ọjà lọ́wọ́ ará Festac ló wà fún. Ẹni tó wà ní Adó kò lè pàdé ẹnikẹ́ni níbi tí èrò wà ní Ìyànà-Ìbà, àfi kí ó wọkọ̀ wá sí Èkó, kí ó sì wọkọ̀ padà. Nígbà tí ó bá fi ṣe èyí tán, èrè tí ó rò pé òun rí lórí àlòkù ti tán sọ́wọ́ awakọ̀.

Kì í ṣe òní ni Yorùbá ti ń tajà fún ẹni tó jìnnà. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún àti ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, àwọn oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà máa ń gbé aṣọ lọ sí ìlú àti abúlé tó jìnnà sí Iléṣà, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n sì ń padà lọ gbowó. Orúkọ tí àwọn èèyàn sọ wọ́n, òṣómàáló, wá láti inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: pé àwọn yóò lóṣòó síbẹ̀ títí àwọn yóò fi gba owó àwọn. Àwọn èèyàn fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ títí, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú òwò wọn tí òwò orí fóònù kò ní: ẹni tó ni ọjà ló ń rin ìrìn àjò náà. Ó mọ ilé oníbàárà, ó mọ bàbá rẹ̀, oníbàárà náà sì mọ ojú rẹ̀. Láàrin àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, àwọn párákòyí tún wà tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò àti ìjà tó bá ti inú rẹ̀ jáde. Nínú òwò fìríìjì Ìbà àti Adó, olùtajà kò rìn, olùrà kò rìn. Fìríìjì nìkan ló ń rìn, lọ́wọ́ awakọ̀ tí àwọn méjèèjì kò mọ̀ rí.

Gáréèjì ni ọ̀pọ̀ òwò báyìí ti ń kú. Kí fìríìjì tó kúrò ní Ìbà rárá, aláàárù méjì yóò gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kẹ̀kẹ́ Márúwá akẹ́rù tàbí bọ́ọ̀sì kékeré yóò gbé e dé ibi tí ọkọ̀ Adó ti ń gbéra, àgbẹ̀rò yóò béèrè owó tirẹ̀, awakọ̀ yóò sì wo ojú ẹni tó gbé e wá kí ó tó sọ iye tí yóò gbà fún wébììlì. Wọn yóò fi máákà kọ nọ́ńbà fóònù olùrà sí ara ẹrù. Ó parí. Nígbà mìíràn wọ́n máa ń já ìwé lé e lọ́wọ́, ìwé tó sọ iye tó san, tí kò sọ ohun kan nípa bí ẹrù náà ti rí nígbà tí wọ́n gbà á. Bí ilẹ̀kùn fìríìjì bá ti wọ́ kí ó tó dé Adó, awakọ̀ yóò ní bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe bá a, olùtajà yóò búra pé ó dán gbinrin nígbà tó kúrò nílé, kò sì sí ìwé kankan lórí ilẹ̀ tó lè là wọ́n níjà.

Fìríìjì kì í sì í ṣe àpò gàrí. Òróró wà nínú kọmpúrẹ́sọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá dá a dùbúlẹ̀, òróró náà lè ṣàn wọ inú páìpù tí kò yẹ kó dé. Ẹni tó bá tanná sí i lójú ẹsẹ̀ tí ó dé lè fọwọ́ ara rẹ̀ ba ẹ̀rọ tó dára jẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń tún un ṣe fi máa ń sọ pé ìnàró ni kí wọ́n gbé e, bí kò bá sì ṣeé ṣe, kí wọ́n nà án ró fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tó lè tó ọjọ́ kan, kí wọ́n tó tanná sí i. Awakọ̀ tó ń wá èrò kò ní àyè fún ìnàró. Orí bọ́ọ̀sì ni yóò dè é mọ́, ní ìdùbúlẹ̀, láti Èkó títí dé Adó. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, olùrà tí kò lè sùn títí ẹrù rẹ̀ fi dé yóò ki wáyà bọ iná, fìríìjì yóò kùn, kò ní tutù, yóò sì pe Ìbà pé, “Ẹ ti lù mí ní jìbìtì.” Kò sẹ́ni tó lù ú ní jìbìtì. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún un pẹ̀lú, olùtajà tí kò kìlọ̀ náà yóò sì máa rò pé olùrà ń wá ọ̀nà láti gba owó padà ni. Báyìí ni èèyàn rere méjì ṣe ń di olè lójú ara wọn. (Ti ẹ̀rọ amúnáwá tilẹ̀ burú jù. Èyí tí wọn kò fa epo inú rẹ̀ gbẹ kó tó wọkọ̀ lè jó gbogbo èrò inú ọkọ̀ náà.)

Owó ọkọ̀ náà kò dúró sójú kan. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bola Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, ẹrù ńlá ló ń jìyà jù, nítorí àyè ni awakọ̀ ń tà, fìríìjì kan sì lè gba àyè èrò méjì. Ní ti Òkókómáíkò, òun ni wọ́n kọ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí òpin ojú irin Blue Line láti Marina, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Mile 2 ló dúró sí. Àwọn ọmọ tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ títì Èkó sí Àgbádárìgì lójú ti wọ yunifásítì kí iṣẹ́ títì náà tó parí.

Ohun tó yani lẹ́nu jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ọmọ Nàìjíríà kì í bẹ̀rù àlòkù. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́wọ́ sí ní àwọn èbúté Èkó, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2018, fi hàn pé ní ọdún 2015 àti 2016, láàrin 60,000 sí 71,000 tọ́ọ̀nù àwọn ẹ̀rọ àlòkù tí ń lo iná ló ń wọlé lọ́dọọdún. Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n dán wò, ó kéré tán 19 ni kò ṣiṣẹ́. Inú ọkọ̀ àlòkù ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wọlé, tí wọ́n kì wọ́n mọ́ ibi tí èèyàn ìbá jókòó sí. Alábà International ní Ọ̀jọ́ wà lára àwọn ọjà tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti ń dọ́wọ́ olówó, lábẹ́ orúkọ dáradára kan: tókúnbọ̀. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sí ẹ̀yìn odi ni, kó tó di orúkọ fìríìjì.

Ẹni tó ń ra tókúnbọ̀ kò mọ ẹni tó lò ó ní Hamburg, kò sì mọ ìdí tí onítọ̀hún fi gbé e sílẹ̀. Ẹni tó ń ta fìríìjì ní Ìbà lè sọ ọdún tó rà á, oṣù tí iná ọba ba kọmpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ jẹ́, àti ẹni tó tún un ṣe. Síbẹ̀ tókúnbọ̀ ló ń tà wàràwàrà. Kì í ṣe òmùgọ̀ ló ń ṣe àwọn olùrà. Ẹni tó ń ta tókúnbọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù kì í sì í wọ bàálù. Olùtajà tó ń lọ sí Kánádà ní ọjọ́ Àìkú ni ẹni tí olùrà kò ní rí bá wí ní ọjọ́ Ajé.

Bí òwò ọ̀nà jíjìn yìí bá yọrí sí rere rárá, ìbátan ló sábà máa ń mú un yọrí. Olùrà Adó yóò pe àbúrò rẹ̀ kan tó ń gbé ní Festac tàbí Ajangbadi, àbúrò yóò lọ fọwọ́ kan fìríìjì, yóò fi omi sínú rẹ̀, yóò dúró títí omi yóò fi tutù, yóò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, owó yóò wọlé lójú gbogbo wọn. Ọ̀nà tó dára ni, àmọ́ ẹni tó ní àbúrò ní Ọ̀jọ́ nìkan ló wúlò fún. Ẹni tí kò ní yóò máa ra ọjà bí afọ́jú.

Òfin wà. Òfin ìdáàbòbò àwọn oníbàárà ti ọdún 2018 sọ̀rọ̀ lórí ọjà àlòkù àti ẹ̀tọ́ oníbàárà láti dá ọjà padà, ṣùgbọ́n àwọn tó fi òwò ṣe iṣẹ́ ló kọjú sí, kì í ṣe ìyá tó ń ta fìríìjì kan ṣoṣo. Ìpínlẹ̀ Èkó sì dá ilé ẹjọ́ gbèsè kékeré sílẹ̀ ní ọdún 2018 fún owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, pẹ̀lú ìlérí pé ẹjọ́ kò ní ju 60 ọjọ́ lọ. Ta ni yóò máa ti Adó wá sí kóòtù Èkó nítorí fìríìjì?

Àwọn tó lè tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe wà nítòsí ju kóòtù lọ. Alábà kún fún àwọn tó mọ fìríìjì tinú-tẹ̀yìn. Bí ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ibẹ̀ bá yan ènìyàn tí yóò máa lọ sí ilé olùtajà fún owó díẹ̀, tí yóò tanná sí ẹ̀rọ náà, tí yóò kọ ohun tó rí sílẹ̀, tí yóò sì lu òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ lé e, olùrà Adó ti ní àbúrò ní Ọ̀jọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ párákòyí náà ni. Ní ti owó, Alipay ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà fi hàn láti ọdún 2004 pé àjèjì méjì lè ṣòwò bí ẹnì kẹta bá di owó mú títí ọjà yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Kò sí ìdí tí àwọn ìkànnì tí ń jẹ èrè lórí ìpolówó àlòkù ní Nàìjíríà kò fi lè sọ ọ́ di ohun gbogboogbò fún ẹrù ńlá, dípò kí wọ́n máa kìlọ̀ fún olùrà kí ó má sanwó ṣáájú, kí wọ́n sì kúrò níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ tí ń gbowó lórí ẹrù gbogbo náà lè fi ìlà mẹ́ta kún ìwé wébììlì: bí ẹrù ti rí nígbà tí wọ́n gbà á, bóyá ìnàró ni yóò wà, àti ẹni tí yóò san owó bí ó bá fọ́. Ìlà mẹ́ta yìí ni wọn yóò kọ́kọ́ lòdì sí, nítorí ìlà kẹta.

Nígbà tí ìwọ̀nyí kò tíì sí, olùtajà tó gbọ́n yóò pa fìríìjì lọ́jọ́ tó ṣáájú kí yìnyín inú rẹ̀ lè yọ́, yóò fi fídíò hàn olùrà nígbà tó ń ṣiṣẹ́ àti nígbà tí wọ́n ń gbé e sọ́kọ̀, yóò fi ibi tó ti họ hàn án kí ó tó béèrè, yóò sì sọ fún un kí ó má tanná sí i títí di ọjọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ kò ní àkókò fún èyí. Ọjọ́ ti sún mọ́, fóònù kò sinmi, ọmọ ń sunkún, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára tó fún fídíò.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, aládùúgbò náà á tún kanlẹ̀kùn, pẹ̀lú ọmọlanke lẹ́nu géètì. Kì í ṣe ₦110,000 mọ́. ₦90,000 ló kó wá. Wọn a gbà á. Ní Adó, ẹni tó fẹ́ san ₦230,000 ti wà ní ṣọ́ọ̀bù tókúnbọ̀ kan láti ọ̀sán, wọ́n ti tanná sí fìríìjì kan tí kò sẹ́ni tó mọ ìtàn rẹ̀, ó sì ń fọwọ́ kan inú rẹ̀ wò bóyá ó ti ń tutù.