Egbòogi Ṣáínà àti Asofẹ́yẹjẹ Ilẹ̀ Wa

Ẹ̀yin Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí, egbòogi àwọn ará Ṣáínà ti gbòde kan láàárín wa, débi pé ẹni tí ìyá rẹ̀ fi àgbo tọ́ dàgbà yóò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn lẹ́kulẹ́ja Ìtòkú láìyà sọ́dọ̀ wọn, yóò sì fi owó gidi ra tíì inú páálí tí kò lè ka ohun tí a kọ sí i lára. N kò bá a jà. Ohun tí mo fẹ́ kí ó rà kún un ni ìwà àwọn tó ṣe é.

Àwọn ará Ṣáínà kọ ìmọ̀ baba wọn sílẹ̀, wọn kò sì bẹ̀rù àtidán an wò. Ní ọdún 1969, nígbà tí ibà ti di olóríkunkun sí oògùn àtijọ́, wọ́n gbé iṣẹ́ àtiwá òmíràn lé obìnrin onímọ̀ kan lọ́wọ́, Tu Youyou. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tú ìwé àwọn àgbà palẹ̀, wọ́n dán ewé qinghao wò, ó ń jẹ́ lónìí, kò jẹ́ lọ́la, àfi ìgbà tí Tu padà sídìí ìwé tí Ge Hong, oníṣègùn Ṣáínà ayé àtijọ́, ti kọ ní nǹkan bí 1,600 ọdún ṣáájú, tí ó rí i pé baba náà ní kí a rẹ ewé ọ̀hún sínú omi, kí a fún un, kí a mu ún, láìmẹ́nu ba iná rárá. Iná ló ti ń ba agbára rẹ̀ jẹ́! Oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ kan ló kù. Kí aláìsàn tó tọ́ ọ wò ní 1972, obìnrin yìí fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ mu ún. Ní 2015 ni wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel dá a lọ́lá.

Àwa náà ní igi asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn oníṣègùn Yorùbá fi ń mú orí alárùn ọpọlọ balẹ̀. Láti ara ìbátan rẹ̀ ní Íńdíà ni àwọn onímọ̀ Switzerland ti yọ oògùn reserpine ní 1952. Nígbà tí ìwé sì jáde ní 1960 lórí bí àwọn oníṣègùn wa ti ń lò ó, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó bá wa ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Àrò, ló kọ ọ́. Ọkàn mi gbọgbẹ́ sí i, nítorí pé ilé wa ni ìmọ̀ náà wà.

Bẹ́ẹ̀ Àrò ọ̀hún ni Dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, ti fi han ayé láti 1954 pé ènìyàn ju ara lásán lọ: ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé ìtòsí, ìbátan wọn ń bẹ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn lójúmọmọ, wọ́n ń padà sáàárín ènìyàn lálẹ́, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ń ṣíjú kúrò lára wọn.

Ìjókòó dókítà àti oníṣègùn yẹn ni mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a tún tẹ́ ẹní rẹ̀. Asofẹ́yẹjẹ tó ń mú orí balẹ̀ lè já ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ kọjá ààlà bí ó bá pọ̀jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí àwọn dókítà Àrò àti àwọn oníṣègùn jọ wọ̀n ọ́n, kí yunifásítì ọ̀gbìn tó wà nílùú wa gbìn ín, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá pẹ̀lú orúkọ oníṣègùn tó mú un wá, kí owó tó bá tibẹ̀ jáde sì dé ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.